Ẹsẹ̀ Tó Ń Rọ́ Léraléra

Lẹ́tà tí a óò jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí wá láti Òṣogbo. Ìyàwó ilé kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ó kọ ọ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dárúkọ òun, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìyá ọkọ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun ti wọlé ọkọ. Ọmọ kan ni ó bí, èyí tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí ó lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òṣogbo. "Ọkọ mi kékeré" ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí a kọ́ dáadáa ṣe ń pe ẹni tí ó bá nílé ọkọ. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá púpọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àwọn ará àdúgbò sì máa ń dúró wò ó. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan péré, ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: lákọ̀ọ́kọ́ nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó kọ lẹ́tà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ìpara ra á, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọ sì padà sórí pápá. Ní báyìí, orúnkún ẹsẹ̀ òsì, èyí tí kò rọ́ rárá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Kóòṣì wọn ti sọ fún àwọn ọmọ náà pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, láti wá yan àwọn tí yóò mú lọ. Ọmọ náà ní bí òun kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ayé òun bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ ní kí ó lọ, nítorí pé òun náà gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe, kò sì sí ẹni tí ó wá wo òun. Ìyá ọkọ, tí ó ń tajà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, ti ránṣẹ́ pé bí ohunkóhun bá ṣe ẹsẹ̀ ọmọ òun, ọwọ́ ìyàwó ni òun yóò ti bèèrè rẹ̀. Arábìnrin wa wá béèrè ohun méjì lọ́wọ́ mi. Ó ní: "Ṣé òótọ́ ni pé ìfarapa tó ń wáyé léraléra lè fòpin sí eré ọmọdé? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni èmi ìyàwó lè sọ nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ọkọ mi?"

Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ mi ni mo fèsì, kí ọ̀sẹ̀ méjì náà má bàa kọjá. Ohun tí mo kọ sí i ni mo tún ń kọ síhìn-ín fún gbogbo yín, pẹ̀lú àlàyé díẹ̀ sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè fòpin sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa pé iye ìgbà tí ọmọ farapa kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa kà. Ohun tí ó ń gba eré lọ́wọ́ ọmọ jù lọ ni pé kí ó padà sórí pápá kí èyí tí ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ tó jinná.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrùn-ẹsẹ̀ tí ó bá rọ́. Àwọn iṣan kan wà níbẹ̀ tí ó so eegun mọ́ eegun, bí okùn ṣe so igi àgbàlá pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yí lójijì, okùn wọ̀nyí á fà ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà mìíràn díẹ̀ nínú wọn á já. Ẹsẹ̀ á wú, á sì máa ro ọmọ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje, ìrora á lọ sílẹ̀, wíwú á fà, ọmọ á sì wí pé òun ti dá. Òótọ́ ni ó rò pé òun ń sọ. Ṣùgbọ́n ìrora máa ń kọ́kọ́ lọ kí agbára tó padà. Okùn inú lọ́hùn-ún kò tíì le, ó sì lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó le, bí rírọ́ náà bá pọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: iṣan wọ̀nyí ni ó ń sọ fún ara ibi tí ẹsẹ̀ wà, yálà lórí òkúta ni tàbí nínú kòtò. Bí wọ́n bá ti farapa, ìránṣẹ́ yìí á sùn. Ọmọ á tẹ kòtò kékeré kan tí kì bá tí ṣe é ní nǹkan tẹ́lẹ̀, ara kò ní tètè mọ̀, ẹsẹ̀ á sì tún yí. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi gbà pé kò sí ohun tí ó ń mú kí ọrùn-ẹsẹ̀ rọ́ bí pé ó ti rọ́ rí.

Ti orúnkún òsì kò yani lẹ́nu pẹ̀lú. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń dùn, ẹsẹ̀ òsì ni yóò máa gbé ẹrù fún un. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tún wà nínú ọjọ́ orí tí eegun ń gùn ju bí iṣan ti lè tẹ̀lé e lọ. Ìkángun eegun ọmọdé, níbi tí ó ti ń dàgbà, rọ̀ ju ti àgbà lọ, ibi tí iṣan bá sì ti fà á jù, bí abẹ́ orúnkún, á máa dùn, á sì máa yọ kókó díẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ìdàgbà nìkan máa ń lọ bí ọmọ bá dín eré kù. Èyí tí a bá fi eré lé e lórí lójoojúmọ́ máa ń pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ìgbà nì tí wọ́n ń tajà àwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn á wá lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ènìyàn rí. Ó ń ta ìsáré fún ọmọ ní àwìn, ó sì ń fi sùúrù dúró. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò mọ̀ pé òun ń jẹ gbèsè.

Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a padà. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù náà lè jù ú nígbà ọgọ́rùn-ún nínú ìdíje kan, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Ẹ lè bi mí pé kí ni eré àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ fún abiyamọ Òṣogbo. Mo mú un wá nítorí pé nínú eré yẹn ni àwọn oníṣègùn ti jókòó ka iṣẹ́ tí ara ọmọdé ń ṣe, wọ́n sì rí ohun tí ojú lásán kò rí.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Mark Prior. Ní 2003, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, ó borí nínú ìdíje 18 fún ẹgbẹ́ Chicago Cubs, gbogbo ènìyàn sì ń wí pé kò sí irú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìfarapa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn, títí tí ó fi kan èjìká. Ní 2006, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ju bọ́ọ̀lù fún ìgbà ìkẹyìn nínú líìgì ńlá náà. Ó gbìyànjú láti padà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti Tommy John sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní 1974 iṣan ìgúnpá rẹ̀ já. Dókítà Frank Jobe yọ iṣan láti ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó sì fi tún ìgúnpá náà ṣe, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀-eré irú rẹ̀ rí. Gbogbo ọdún 1975 ni ọkùnrin yìí fi jókòó tí kò bá wọn díje. Ó padà ní 1976, ó sì ń bá a lọ títí di 1989, ìgbà tí ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìdíje tí ó borí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn pọ̀ ju èyí tí ó borí ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ní 2006, àwọn oníwàádìí kan fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 95 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní èjìká tàbí ìgúnpá wé àwọn 45 tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá fi sọ́kàn. Àwọn tí wọ́n máa ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí ó ti rẹ ọwọ́ wọn wà nínú ewu iṣẹ́ abẹ ní ìlọ́po 36 ju àwọn tí ń sinmi lọ. Àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dún wà nínú ewu ní ìlọ́po márùn-ún. Láti 2014 ni àwọn aláṣẹ eré náà ti gbé òǹkà kan jáde fún àwọn ọmọdé: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 75 lọ lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ kọjá 95, ọmọ tí ó bá sì ti jù ú ju ìgbà 65 lọ gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ṣé ó ti rẹ̀ ọ́. Wọ́n ń kà á ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ yóò wí pé kò rẹ òun.

Nínú àwọn tiwa náà, ọ̀rọ̀ yìí ti pín sí ọ̀nà méjì. Festus Ezeli, tí a bí ní ìlú Benin ní 1989, fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọ̀dọ́langba, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ ní California, ibẹ̀ ni ó sì ti di agbábọ́ọ̀lù-alápẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ orúnkún mú kí ó pàdánù gbogbo sáà 2013 sí 2014. Ó padà, ó sì bá ẹgbẹ́ Golden State Warriors gba ife ẹ̀yẹ ní 2015. Ní 2016 orúnkún tún dé. Ẹgbẹ́ Portland gbà á sọ́dọ̀ ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un ní 2017, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ nínú líìgì ńlá náà sì parí sí. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe àìbìkítà sí i o. Orúnkún kan náà lè le ju ọwọ́ àwọn dókítà tó dára jù lọ láyé.

Ẹ tún wo Bukayo Saka, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n ṣí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní December 2024 iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹgbẹ́ Arsenal nílò rẹ̀ gidigidi ní àkókò yẹn, nítorí ìdíje wọn ń gbóná. Síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó lé. Ọjọ́ kìíní April 2025 ni ó padà, ó wọlé láti orí ìjókòó, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹgbẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè fi sùúrù dúró de ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni ó ń lé wa nílé?

Ọ̀kan ṣì kù, kí ẹ lè mọ̀ pé ìfaradà ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá. Ní ọjọ́ 11 May 2025, Táíwò Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, sáré kọlu òpó àwọ̀n nígbà tí Nottingham Forest ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Leicester. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lórí pápá, ó dìde, ó sì ń bá eré lọ. Ìfun rẹ̀ ni ó ti farapa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là, wọ́n sì ní láti fi oògùn mú un sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó dìde tí ó sì ń sáré nìyẹn o.

Ní báyìí, kí ni kí ẹ ṣe nílé? Mo sọ fún arábìnrin wa pé kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ẹ óò sì rí i pé n kò lọ jìnnà kí n tó rí ìmọ̀ràn yẹn. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ òkè, ni ó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ibẹ̀ ni ó sì ti lo káàdì kan tí wọ́n ń fi àmì sí bí ọmọ bá ti gun òṣùwọ̀n. Káàdì náà kò gbé ọ́fíìsì ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gba irú káàdì yẹn lò lẹ́yìn náà, èyí tí ẹ̀yin náà sì gbà nílé ìgbẹ̀bí jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọmọ lónìí nìkan kò sọ púpọ̀. Ìlà ni a ń wò: ṣé ó ń gòkè, ṣé ó dúró, ṣé ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò kàwé rárá lè wo ìlà náà kí ó sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó farapa sínú ìwé, ibi tí ó ti ń dùn ún, ọjọ́ tí ó padà sórí pápá, àti wákàtí tí ó lò lórí eré lọ́sẹ̀ náà. Ìlànà kan tí àwọn oníṣègùn ọmọdé máa ń tẹ̀ lé ni pé wákàtí tí ọmọ ń lò lọ́sẹ̀ lórí eré tí a ṣètò kò yẹ kí ó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kí ó sinmi ó kéré tán ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kí ó sì fi eré kan ṣoṣo náà sílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún. Mo bẹ arábìnrin wa pé kí ó ka ti ọmọ rẹ̀. Eré ilé ẹ̀kọ́, eré ẹgbẹ́ àdúgbò, ti òwúrọ̀ Sátidé, ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: wákàtí mọ́kànlélógún. Òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rù ba òun nígbà tí òun rò ó pọ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi omi gbígbóná sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ooru ń mú wíwú pọ̀ sí i ni. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ni ó dára. Ọ̀rá omi tútù láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta omi yóò ṣe é. Ẹ fi bándéèjì dì í láì fún un jù, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Bí ọmọ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, bí ó bá ń dùn ún lórí eegun gan-an nígbà tí ẹ bá fi ìka kàn án, tàbí bí ẹsẹ̀ náà bá wọ́, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀. Wesley Guild wà ní Iléṣà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN wà ní Òṣogbo. Ìrora tí ń jí ọmọ lóru, tàbí ìrora eegun tí ibà bá tẹ̀ lé, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ kan falẹ̀ lórí ìyẹn, pàápàá bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ AA, AS tàbí SS.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá tí ń to eegun ni wọn yóò lọ. N kò ní tàbùkù ìmọ̀ àwọn baba wa, àwọn tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọn yóò tú igi ẹsẹ̀ ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni igi tí wọ́n bá dì jù. Bí ìka ẹsẹ̀ ọmọ bá tutù, bí ó bá dúdú, tàbí bí ó bá ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ tú igi náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé á kú. Àwọn ọmọ ti pàdánù ẹsẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí kì bá gbà ju oṣù méjì lọ kí ó jinná.

Ta ni yóò wá sọ pé ọmọ ti tó padà? Bí ẹ bá lè rí àwọn tí ń fi ìdárayá wo ara sàn ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn tí eléré ń pè ní físíò, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bí kò bá sí, kí ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ tí ó rọ́ náà nìkan, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè nígbà ogún láìdi ohunkóhun mú. Kí ó fi ẹsẹ̀ kan náà fò, kí ó sáré, kí ó yí padà lójijì, láìsí ìrora àti láìtiro. Kí ọjọ́ kejì sì dé láìwú. Kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan láràárọ̀ nígbà tí ó bá ń run orín, ìṣẹ́jú kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó máa di ojú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń jí ìránṣẹ́ tí ó sùn nínú iṣan. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe irú ìdárayá báyìí kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù ti dín ìfarapa kù gidigidi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, nítorí iṣan inú orúnkún obìnrin máa ń já ju ti ọkùnrin lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó le jù fún mi. Ìyàwó kì í pàṣẹ fún ọkọ, ì báà jẹ́ ọkọ kékeré. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àbúrò rẹ̀. Kí ó dúró di alẹ́, kí ọmọ sùn, kí ó sì gbé ìwé náà síwájú rẹ̀ láì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un: ọjọ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rọ́, ọjọ́ mẹ́ta tí ó tètè padà, wákàtí mọ́kànlélógún. Kí ó ní kí ọkọ fúnra rẹ̀ mú ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí ó lè jẹ́ pé ẹnu ọkùnrin ilé ni èsì yóò ti jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí Iléṣà kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Kí ó kúnlẹ̀ kí Màmá, kí ó sì ka ìwé náà fún wọn. Ìyá tí ó tọ́ ọmọ márùn-ún pẹ̀lú káàdì ìwọ̀n kò ní ṣàìmọ ohun tí ìlà tí ń sọ̀kalẹ̀ túmọ̀ sí. Ní ti ìdánwò ti ọ̀sẹ̀ méjì náà, mo kọ ọ́ kedere: kí ọmọ má gbá a. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni yóò jẹ́ lẹ́yìn rírọ́ kẹta, pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn.

Lẹ́tà rẹ̀ kejì dé kí ojú ìwé yìí tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọkọ mú ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Kò sí eegun tí ó kán, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó sinmi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ó sì máa wá ṣe ìdárayá lọ́dọ̀ wọn. Màmá Iléṣà bínú, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀wà àti epo ránṣẹ́. Ọkùnrin ará Èkó náà wá lóòótọ́. Ó yan ọmọ méjì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọmọ náà. Bàtà ilé ni ọkọ rẹ̀ kékeré wọ̀ lọ sí pápá lọ́jọ́ náà, ó jókòó ti ògiri, ó sì wò wọ́n tán. Arábìnrin wa kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi jẹ oúnjẹ mi. Ọjọ́ karùn-ún ni ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú orín lẹ́nu, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ mi kékeré lọ dúró tì í, ó gbé tirẹ̀ náà sókè, ó sì ṣubú. Ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín."